Ta ló ń san owó ààbò Ndar? Ìtàn erékùṣù Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl

Wọ́n ń kó àwọn apẹja kúrò ní bèbè òkun ní Saint-Louis, ìlú èbúté àtijọ́ tó wà ní àríwá Sẹ̀nẹ̀gàl. Òkun ló ń jẹ ilé wọn. Láàárín ọdún 2017 sí 2018, ìgbì ya wọ àdúgbò Guet Ndar àti àwọn àdúgbò tó fara kàn án, ó wó ògiri, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di aláìnílé. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Emmanuel Macron tó jẹ́ ààrẹ Faransé bá Macky Sall, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà, dé ibẹ̀, ó sì ṣèlérí mílíọ̀nù 15 yúrò. Lọ́dún kan náà ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 30 dọ́là. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ilé sí Diougop, níbi tó jìnnà sí òkun, fún nǹkan bí 10,000 ènìyàn tí ilé wọn kò ju nǹkan bí 20 mítà lọ sí omi.

Bí èèyàn bá dúró ní Guet Ndar tó kẹ̀yìn sí òkun, erékùṣù Ndar, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe Saint-Louis, ni yóò máa wò ní òdìkejì ẹ̀ka odò tóóró kan. Ibẹ̀ ni àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ wà, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi lókè. Ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń ya fọ́tò. Ibẹ̀ náà ni UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2000. Nínú ìròyìn, wọ́n máa ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: ti erékùṣù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, ti apẹja jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1659 tí àwọn Faransé ti kó débẹ̀ títí di òní, nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: erékùṣù jókòó pẹ̀sẹ̀, àwọn tó yí i ká ló ń san owó ìjókòó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí, torí láìmọ ìyẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003, tí a máa dé orí rẹ̀ láìpẹ́, kò ní yé èèyàn. Odò Sẹ̀nẹ̀gàl ń ti òkè Guinea bọ̀, ó gba Mali kọjá, lẹ́yìn náà ló wá ṣe ààlà láàárín Sẹ̀nẹ̀gàl àti Mauritania. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó dé òkun, kì í wọ òkun tààrà. Iyanrìn tí ìgbì ń wọ́ láti àríwá lọ sí gúúsù ti kó ara rẹ̀ jọ di ahọ́n ilẹ̀ gígùn tí àwọn Faransé ń pè ní Langue de Barbarie. Ahọ́n yìí ló dí odò lójú ọ̀nà tó fi yà sí gúúsù, tí òun àti òkun fi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ kìlómítà kó tó ríbi jáde. Erékùṣù Ndar wà láàárín odò, lẹ́yìn ahọ́n iyanrìn náà. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 2, ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 400 mítà lọ. Ibi púpọ̀ nínú ìlú náà kò fi mítà méjì àbọ̀ ga ju òkun lọ. Ahọ́n iyanrìn ló ń bá a gba ìgbì sára, orí ahọ́n yẹn gan-an sì ni Guet Ndar wà.

Àwọn oníṣòwò Faransé ti ní ibùdó kan nítòsí ẹnu odò kí wọ́n tó mọ Ndar, ṣùgbọ́n omi kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn níbẹ̀. Ní ọdún 1659, wọ́n kó wọ erékùṣù náà, wọ́n kọ́ odi, wọ́n sì fi orúkọ Louis Mímọ́ sọ ọ́ láti fi yẹ́ ọba wọn, Louis kẹrìnlá, sí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún àwọn ọba agbègbè náà ní ìṣákọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n yàn bá wọn lára mu: omi yí i ká, ọ̀tá kò lè yọ́ wọ̀ ọ́, ọkọ̀ sì lè gba orí odò lọ jìnnà sínú ilẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gòkè wọ inú odò, omi mímu á sì di ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ lọ pọn láti òkè odò. Oúnjẹ náà kò hù níbẹ̀. Ohun gbogbo tí wọ́n ń lò ló gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá.

Wọ́n ra wúrà, eyín erin àti awọ màlúù. Wọ́n ra ẹrú, wọ́n sì kó wọn gba òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun tó wá sọ Saint-Louis di ìlú ọlọ́rọ̀ lọ́tọ̀ ni oje igi akáṣíà. Ẹrú ló ń bá àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀ kó o lára igi, wọ́n á gbé e wá sí ọjà etí odò, àwọn oníṣòwò Saint-Louis á sì lọ pàdé wọn níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe aṣọ òǹtẹ̀ ní Yúróòpù kò lè ṣe láìní oje yìí, torí òun ni wọ́n fi ń mú kí àró ki, kó má baà ṣàn kúrò lójú òǹtẹ̀.

Nínú gbogbo ẹni tó gbé erékùṣù náà, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní signare ni ìtàn fẹ́ràn jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwò kì í mú ìyàwó wá láti Faransé, nítorí náà wọ́n ń fẹ́ obìnrin ibẹ̀ ní ìgbéyàwó tí tọkọtaya mọ̀ pé yóò tú ká lọ́jọ́ tí ọkọ bá wọkọ̀ padà sílé. Ilé àti ọjà á wá kù sọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ. Láti ibẹ̀ ni àwọn obìnrin yìí àti àwọn ọmọ wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ òyìnbó àti adúláwọ̀, fi di olówó: wọ́n ní ilé, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń ná ọjà odò, wọ́n sì ní ẹrú. Àwòrán wọn kò ṣọ̀wọ́n, pẹ̀lú gèlè tó ga ṣóńṣó, aṣọ olówó ńlá, àti ẹ̀gbà wúrà lọ́rùn. Títí di òní, bí ìparí ọdún bá dé, àwọn ará ìlú ṣì máa ń gbé fìtílà ńláńlá oníwèé tí wọ́n ń pè ní fanal kiri, wọ́n sì ń sọ pé láti ìgbà tí àwọn signare ń fi fìtílà rìn lọ sí ìsìn òru Kérésìmesì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìyìn tí wọ́n ń kó fún àwọn obìnrin yìí ni mo ti gbọ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé wọ́n gbọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń gbé fìtílà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé erékùṣù náà. Àwọn ni bíríkìlà, káfíńtà, alágbàfọ̀, agúnbàbà àti atukọ̀. Olówó wọn lè fi wọ́n háyà fún ilé-iṣẹ́ òwò, owó iṣẹ́ á sì wọ àpò olówó. Ilé tí àwọn àlejò ń yà lónìí ṣì fi ètò ìgbà náà hàn fún ẹni tó bá wò ó dáadáa: bíríkì àti ẹfun tí wọ́n sun láti inú ìkarahun, àgbàlá láàárín, ìsàlẹ̀ fún ọjà àti ẹrú, òkè, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, fún onílé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà ní 1758, Faransé gbà á padà ní 1779. Gẹ̀ẹ́sì tún gbà á ní 1809. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà ni ọkọ̀ Méduse, tó ń gbé gómìnà tuntun bọ̀ ní 1816, gúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní òkun Mauritania. Gómìnà àti àwọn èèyàn pàtàkì wọ ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n dé Saint-Louis láàyè. Wọ́n kó nǹkan bí 147 èèyàn sórí pákó tí wọ́n so pọ̀, wọ́n sì gé okùn wọn dà nù lójú agbami. Àwọn 15 péré ni wọ́n rí kó láàyè lórí rẹ̀.

Ní ti òṣèlú, àwọn ará erékùṣù tètè la ojú. Ní 1789, nígbà tí ọba Faransé pe àwọn ará ìlú rẹ̀ láti wá sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, Saint-Louis náà kọ ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́. Ní 1848, ọdún tí Faransé fòpin sí oko ẹrú, ìlú náà dìbò yan Barthélemy Durand Valantin, ọmọ onílẹ̀ tó jẹ́ àdàlù, lọ sí ilé aṣòfin ní Paris. Ní 1872, ó di ìlú tó ní ìgbìmọ̀ àti olórí tirẹ̀ bíi ti Faransé. Àǹfààní yìí kò kọjá ààlà ìlú o. Ẹni tó wà lóde ààlà, ọmọ-abẹ́ ni. Ọ̀gá òyìnbó lè tì í mọ́lé láìgbé e dé iwájú adájọ́.

Orí erékùṣù yìí sì ni ìjọba amúnisìn ti gbéra tó fi gba ìyókù. Louis Faidherbe di gómìnà ní 1854. Ní ọdún kejì, ó ti ṣẹ́gun Waalo, ìjọba tó wà lókè odò lábẹ́ ọbabìnrin Ndaté Yalla Mbodj, ìyẹn àwọn tí Faransé ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀. Ó jó abúlé, ó kó màlúù. Ní 1857 ló dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tirailleurs Sénégalais sílẹ̀. Ó tún dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Saint-Louis fún ọmọ àwọn ọba àti ìjòyè tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Orúkọ tí wọ́n fún un ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìdógò, wọn kò tilẹ̀ wá orúkọ dídùn bò ó. Ní ilé gómìnà tó wà ní àárín erékùṣù, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, ni wọ́n ti dá ẹjọ́ Àáfáà Ahmadou Bamba, olùdásílẹ̀ ìjọ Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Mouride, tí wọ́n sì lé e lọ sí Gabon. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó kí ìrun rákà méjì lójú àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń pé jọ síbẹ̀ ní ọjọ́ yẹn láti kí ìrun náà.

Ohun tó pa ọrọ̀ erékùṣù náà kò ṣẹ̀yìn ipò rẹ̀. Iyanrìn ẹnu odò kì í dúró lójú kan, ọkọ̀ ńlá kò sì lè máa fi ara wewu níbẹ̀. Ní 1885, ọkọ̀ ojú irin so Saint-Louis mọ́ Dakar, ó sì wá ń bá Dakar kó ẹ̀pà. Afárá irin tí wọ́n fi orúkọ Faidherbe sọ, tó ju 500 mítà lọ, tó sì ní apá kan tó ń yí kí ọkọ̀ lè kọjá, ṣí ní 1897, nígbà tí ọjà ti ń kúrò níbẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ibùjókòó ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé kó lọ sí Dakar. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ti Sẹ̀nẹ̀gàl fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e, Mauritania náà sì lọ kọ́ Nouakchott. Ìlú tó ti jẹ́ olú-ìlú fún orílẹ̀-èdè méjì wá di olú-ìlú ẹkùn kan.

Àìsí owó ló dá àwọn ilé yẹn sí. Bí owó bá wà, wọn ì bá ti wó wọn kọ́ ilé ìgbàlódé. Ní báyìí tí wọ́n ti di ohun àjogúnbá, àìsí owó kan náà ló ń wó wọn. Ilé kan lè ní ajogún tó pọ̀ bí eṣú, àwọn kan ní Dakar, àwọn kan ní Faransé. Kò sí ẹni tó fẹ́ náwó sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Òfin sì ní kí wọ́n má ṣe tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n. Èyí tó ti di hòtẹ́ẹ̀lì ló ń dán.

Ère Faidherbe náà wà rí ní gbàgede kan lórí erékùṣù náà, pẹ̀lú àkọlé tó sọ pé Sẹ̀nẹ̀gàl ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gómìnà rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ó wó lulẹ̀ nígbà òjò. Ìjọba tún un gbé dìde. Àwọn ọ̀dọ́ bínú, ariyanjiyàn gbóná, ní 2020 wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sì yí orúkọ gbàgede náà padà sí Baya Ndar. Afárá ṣì ń jẹ́ Faidherbe.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọdún 2003. Òjò rọ̀ púpọ̀ lọ́dún yẹn, odò kún, omi sì ń halẹ̀ mọ́ ìlú. Ní oṣù Kẹwàá, ìjọba pinnu láti la ọ̀nà fún omi: wọ́n gbẹ́ kòtò kan la ahọ́n iyanrìn já ní nǹkan bí kìlómítà 7 sí gúúsù ìlú. Ìbú kòtò náà kò ju mítà 4 lọ. Odò rọ́ gba ibẹ̀ wọ òkun, omi inú ìlú fà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn sì mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn ni wọ́n gbẹ́, kì í ṣe àpáta. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mítà 4 ti di igba mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, kìlómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹnu odò àtijọ́, tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí ìlú, dí pa. Kòtò tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ di ẹnu odò Sẹ̀nẹ̀gàl.

Ìlú kò rí irú àgbàrá odò bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn sì tọ́ kí a sọ. Owó rẹ̀ ló kù tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ san. Òkun wá súnmọ́ tòsí, ìlọsókè-sódò omi ní iwájú ìlú di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Ní Gandiol, agbègbè kan ní gúúsù ìlú tí wọ́n mọ̀ sí àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́, iyọ̀ wọ inú kànga, oko sì kú. Abúlé Doun Baba Dièye, tó wà lẹ́yìn ibi tí ahọ́n iyanrìn ti já, kò sí mọ́. Òkun gbé e, àwọn èèyàn rẹ̀ sì tú ká. Ẹnu odò tuntun náà kò jinlẹ̀ lójú kan, ìgbì ń dojú dé níbẹ̀, ọkọ̀ apẹja tó bá ṣi àkókò mú á dànù. Ọ̀pọ̀ apẹja ti kú síbẹ̀. Ìsédò Diama tó wà lókè, tí wọ́n parí ní 1986, ń dá iyọ̀ dúró fún àwọn olóko ìrẹsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ni iyọ̀ kù sí lọ́wọ́.

Guet Ndar ní tirẹ̀ wà láàárín omi méjì. Ó wà lára àwọn àdúgbò tí èrò ti há jù ní Áfíríkà: agbo ilé lórí agbo ilé, ìran mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan, àgùntàn lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ igi tí wọ́n kun ní àwọ̀ mèremère, tí wọ́n kọ orúkọ ìyá tàbí àáfáà sí lára, tí wọ́n tò sórí iyanrìn. Àwọn ọkùnrin ń lọ sójú òkun, àwọn obìnrin ń sá ẹja, wọ́n ń yan án, wọ́n sì ń tà á. Ní itẹ́ òkú wọn, àwọ̀n ẹja ni wọ́n nà sórí sàréè. Òkun tó ń ga sí i, ìjì tó ń le sí i àti iyanrìn tí kò dé bíi ti tẹ́lẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ ń jẹ etí ilẹ̀ náà. Ìjọba ti to ògiri òkúta tí wọ́n fi wáyà dè sí etí omi, ó sì ti dín ìgbì kù. Òkúta náà wá gba àyè tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Lójú òkun gan-an, gáàsì tún dé. Iṣẹ́ Greater Tortue Ahmeyim, tí ilé-iṣẹ́ epo BP ń darí ní ààlà Sẹ̀nẹ̀gàl àti Mauritania, bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ibùdó rẹ̀ tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 10 sí etíkun wà nítòsí Diattara, àpáta inú omi tí ẹja ń ya sí, apẹja kò sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Àwọn apẹja sọ pé ibi tí àwọn bàbá wọn ti ń pẹja ni. Ìjọba sọ pé owó tí yóò ti ibẹ̀ wọlé yóò kan gbogbo ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ kan kò dúró de owó náà: ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja ni wọ́n fi ń gba ọ̀nà erékùṣù Canary lọ sí Spain.

Ohun tó wá jẹ́ ìjà lórí Diougop nìyí. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ dára ju èyí tí òkun wó lọ. Omi ẹ̀rọ wà, iná wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pẹja gbọ́dọ̀ máa wo òkun ní gbogbo ìgbà, ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà létí omi nígbà tí ẹja bá dé. Látibẹ̀, owó ọkọ̀ ni lọ, owó ọkọ̀ ni bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ìdílé kan wà tí òkun ti lé ṣáájú, ní ọdún 2015 àti 2016, tí wọ́n kó lọ sí Khar Yalla fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ilé Diougop fún. Khar Yalla, níbi tí omi òjò ti ń kún inú ilé, ni wọ́n fi wọ́n sí.